Èrè Díẹ̀ Kì í Ṣe Òfo

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí Tímótíù pé èrè díẹ̀ ni ó wà nínú eré ìdárayá. Kò wí pé kò sí rárá. Àwa tí a ti lé ní 60 ọdún, tí iṣan wa ń dínkù, tí àwọn ọmọ wa sì wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ́nù, ta ni yóò bá wa gbé àpò gàrí wọlé?

Nítorí náà ni a ṣe ń gbé irin nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Irin lásán, kílò 20, ni a fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá gbà, a ó fi kílò 2.5 kún un. Ẹ̀yìn gbọdọ̀ gún, irin gbọdọ̀ súnmọ́ ojúgun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Folashade Oluwafemiayo, àkàndá ẹ̀dá, dùbúlẹ̀ gbé kílò 167 ní Paris ní 2024, ó sì gba góòlù; irú agbára bẹ́ẹ̀ kì í hù lóru ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀.