Ẹyin Ló Ń Bá Ọmọ Wí

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, láyé àwọn ìyá wa, ẹyin kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn bó ṣe wù ú. Wọ́n ní ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin àti ẹran, olè ni yóò jà. Bàbá ni wọ́n ń dín in fún, ọmọ á sì máa wò ó lẹ́nu. Ní Plano níbí, ní àríwá Dallas, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ibi tí páálí ẹyin wà nínú fíríìjì. N kò ní ká dá èèwọ̀ yẹn padà, torí ó fi oúnjẹ aṣaralóore du ọ̀pọ̀ ọmọ. Àmọ́ ó yẹ kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ẹyin. Bisikíìtì tí wọ́n ń pè ní meringue ni mo fi ń kọ́ àwọn tèmi.

Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, kò sí bọ́tà, kò sí yíìsì. Funfun ẹyin mẹ́ta, ṣúgà gíráàmù 150, àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀, ó parí.

Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ló rọrùn láti yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n funfun tí òtútù ti kúrò lára rẹ̀ ló ń wú dáadáa. Nítorí náà, a máa ń yà á ní tútù, a ó sì fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ọmọ á fọ́ ẹyin sórí ife kékeré, á máa gbé pupa rẹ̀ láti inú èèpo kan bọ́ sí èkejì, títí funfun á fi ṣàn tán. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà náà: ahọ́n á yọ sí ẹ̀gbẹ́ ètè, bí ẹ pè é kò ní gbọ́. Ìgbà tí ife bá mọ́ lójú rẹ̀ ni á tó dà á sínú abọ́ ńlá. Bí pupa ẹyin kẹta bá fọ́, òun nìkan ni yóò bàjẹ́, kò ní ba méjì tó ṣáájú jẹ́.

Ọ̀rá wà nínú pupa ẹyin. Bí ó bá kán sí funfun, kì í jẹ́ kí purotéènì inú rẹ̀ so mọ́ra láti dá afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ga. Abọ́ oníke náà máa ń mú ọ̀rá dání, ti irin tàbí ti gíláàsì ló dáa.

Kí àṣìṣe ọmọ fúnra rẹ̀ bá a wí, ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Nígbà tí a wà nílé, ọmọ á lọ pọn omi. Bó bá dà á nù lọ́nà, òun náà ló máa padà lọ pọn òmíràn. Omi ti bá a wí, ìyá rẹ̀ ò tíì la ẹnu. Níbí, ẹ̀rọ ń pọn omi, ẹ̀rọ ń fọ abọ́, ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹnu nìkan ló wá kù lọ́wọ́ àwa òbí láti fi kọ́ ọmọ. A ń sọ ọ́ láàárọ̀, a ń sọ ọ́ nínú mọ́tò, ọmọ ti di adití sí i. Ṣùgbọ́n bí funfun ẹyin bá kọ̀ tí kò wú, kò sí ẹni tó máa pariwo. Ọmọ á wo abọ́, á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á ní òun fẹ́ tún un ṣe.

Ẹni tó bá ti lu ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ la ń lù wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni èyí. Tó bá ti ń hó funfun, kí ọmọ máa bu ṣúgà sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi ló máa rí nísàlẹ̀. Kó fi ìka méjì ra á wò. Bí ó bá ṣì ní hóró, kó máa lù ú. Tó bá dúró ṣóńṣó, ẹ lè dojú abọ́ dé, kò ní bọ́. (Àwọn ọmọ á fẹ́ dojú rẹ̀ dé sórí bàbá wọn. Ẹ má gbà bí ó bá wọ agbádá.) Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lá a ní tútù, torí kòkòrò salmonella lè wà nínú ẹyin tí iná ò tíì kàn.

Tí a bá ti bù ú sórí páànù, a ó gbé e sínú ààrò. Iná rẹ̀ kì í pọ̀: digirí 200 sí 225 ti Fahrenheit, bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Gbígbẹ ló ń gbẹ ju kó máa yan lọ. Bí ẹ bá pa iná, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn títí gbogbo rẹ̀ á fi tutù. Ibí yìí ló ti le fún àwọn ọmọ ìlú yìí, tí wọ́n ń ra nǹkan lórí fóònù láàárọ̀ tó ń dé ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Ẹ tún wo ojú ọjọ́ Plano pẹ̀lú. Nígbà tí atẹ́gùn láti ìhà òkun gúúsù bá gbé ọ̀rinrin wá nígbà ìrúwé, ṣúgà á fa omi, bisikíìtì á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Ọjọ́ tí atẹ́gùn tútù láti àríwá bá ti gbá ọ̀rinrin lọ ni kí ẹ ṣe é.

Pupa ẹyin tó ṣẹ́kù, a kì í dà á nù. Inú ṣinṣín ni tiwa ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí àrùn adìyẹ mú kí ẹyin méjìlá ju dọ́là mẹ́fà lọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ iyì rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ wọn. Ọmọ tí àlìkámà kì í bá lára mu lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹyin kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.