Owó Ìwé Ẹ̀fẹ̀
Olówó kan ní Kétu fẹ́ dá san gbogbo owó ìtẹ̀wé orin Ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣà jọ, bí àwòrán òun bá lè wà lára èèpo ìwé. Ẹ̀fẹ̀ tí í bú olówó lójú agbo! Mo kọ̀. A wá pín ẹrù náà káàkiri: ẹni tó bá fi fáráǹkì 2000 ránṣẹ́ láti orí tẹlifóònù yóò gba ìwé kan. Ó jọ èésú, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò kó o. Òfin Kickstarter la mú lò: bí iye tí a dá kò bá pé lọ́jọ́ àdéhùn, olówó kò ní pàdánù owó rẹ̀. Ó ku ìdámẹ́ta. Ìyá oníṣu kan tí kò mọ̀wé san ti ìwé mẹ́ta; ó ní àwọn ọmọ òun ni yóò máa kà á sí òun létí.