Nígbà Tí Ó Bá Ku Fèrèsé

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí ọmọ yín bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì ń gbé ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí èmi náà ti ń gbé, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi gbé páálí kan fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ike wẹ́wẹ́ ni ó kún inú páálí náà, tí wọ́n so mọ́ igi ike tín-ín-rín bí èso ti ń so mọ́ ẹ̀ka, pẹ̀lú ìwé alá-wòrán tí yóò máa fi han ọmọ bí yóò ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di ọkọ̀ òfuurufú, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí mọ́tò. Ní ọjọ́ kìíní, àwọn ọkọ wa a máa fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ tí ó ni ín lọ. Bí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, wọn a ti padà sídìí bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n, a ó sì wá ku ìyá àti ọmọ nídìí tábìlì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ẹ̀yin sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí n kò bá àwọn bàbá sọ ọ́.

Èyí tí ọmọ mi ọkùnrin kọ́ ni bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Routemaster. Àwọn àgbà wa tí wọ́n wá kàwé níhìn-ín láàárín ọdún 1960 sí 1980 mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kọ̀ńdọ́kítọ̀ a sì máa rìn káàkiri inú rẹ̀ láti gba owó. Oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà tí ó ń ná lójoojúmọ́. Èyí tí ọmọ mi kọ́ kéré sí ojúlówó ní ìlọ́po 24. Bọ́ọ̀sì tí gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ wá di ohun tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, tí ẹ lè gbé ka orí fìríìjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo fèrèsé! Òkè, ìsàlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, fèrèsé ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi kun ara ọkọ̀ ní ọ̀dà pupa, tí ó sì kun àwọn àga inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku fèrèsé.

Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ àbúrò mi ti rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ òfuurufú ni tirẹ̀. Nígbà tí fèrèsé rẹ̀ bàjẹ́, ó sọ gbogbo ọkọ̀ náà sínú ìdọ̀tí, kò sì fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di òní. Ọmọ tí ó ní ọwọ́ dáadáa ni. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe owó ike.

Súpà gúlù ni ó fi lẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa ni a mọ súpà gúlù. Òun ni a fi ń lẹ bàtà tí ó là, òun ni a fi ń lẹ etí ife tí ó kán. Ó yá, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí a kì í rí nígbà tí a bá ń lẹ bàtà. Ọ̀rinrin ni ó ń mú un gan. Kí ó tó gan tán, èéfín tí ojú kò rí a máa ti ara rẹ̀ jáde, a sì bà lé ohun tí ó wà nítòsí, a di ẹ̀fun síbẹ̀. Lára bàtà, ta ni yóò rí i? Ṣùgbọ́n fèrèsé tí ó mọ́ gaara yóò funfun bòò bí ojú ọ̀run ní àárọ̀ ọyẹ́. Èéfín náà tún fẹ́ràn òógùn àti ọ̀rá tí ìka ọwọ́ ń fi sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti fi àtàǹpàkò di fèrèsé náà mú, ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ yóò jáde ketekete. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń lo ọgbọ́n yìí láti wá ipa ìka ọ̀daràn lára ohun tí ó fọwọ́ kàn.

Ìtàn rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Nígbà ogun Hitler, Harry Coover àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ń wá ike mímọ́ gaara tí àwọn ọmọ ogun lè máa gbà wo ibi tí ìbọn wọn dojú kọ. Èròjà kan tí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó bá kàn, ni wọ́n bá pa á tì. Ọdún 1951 ni wọ́n tó tún padà sídìí rẹ̀, ó sì dé ọjà ní ọdún 1958 gẹ́gẹ́ bí gọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n ń wá láti fi ríran ni ó wá ń fọ́ ojú fèrèsé yìí.

Gọ́ọ̀mù kejì ni èyí tí wọ́n ń ṣe fún ike wọ̀nyí. Yíyọ́ ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn, ó sì dára púpọ̀ fún ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ike ni fèrèsé náà: bí ó bá kán sí i lójú, ó ti yọ́ nìyẹn, nínù kò sì ràn án. Kì í sì mú orí ọ̀dà dáadáa, àfi kí a kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò níbi tí fèrèsé yóò jókòó. Ẹ ṣí fèrèsé ilé yín kí ọmọ tó ṣí ìgò rẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀ kò dára fún àyà ọmọdé.

Gọ́ọ̀mù funfun ni mo fi sí ọwọ́ ọmọ mi, irú èyí tí wọ́n ń lò ní jéléósinmi, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà sì ní irú tiwọn tí wọ́n fi ń lẹ pákó. Omi ni wọ́n fi pò ó. Bí omi náà bá ti ń gbẹ lọ, funfun rẹ̀ a parẹ́. Kì í yọ́ ike, kì í yọ́ ọ̀dà, kò sì ní èéfín tí ń ba ojú fèrèsé jẹ́. Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní, “Mọ́mì, gọ́ọ̀mù àwọn ọmọ kékeré nìyẹn, kò lágbára.” Òótọ́ ni, kò lágbára. Mo bi í pé, kí ni fèrèsé ń gbé? Ó dákẹ́, ó ń wo bọ́ọ̀sì náà.

Mo ní kí ó gbóòórùn ara ọkọ̀ náà ná. Ọ̀dà ṣì ń rùn, èyí tí ó fi hàn pé kò tíì gbẹ dénú, nítorí náà a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí i. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ gé fèrèsé kọ̀ọ̀kan kúrò lára ẹ̀ka rẹ̀. Kò lọ́ ọ já, nítorí ike mímọ́ gaara a máa tètè là. Ó fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Láti ìgbà náà, etí ni ó fi ń mú wọn, bí àwọn bàbá wa ti ń mú àwo orin. Ó gbé wọn wò nípò wọn láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i. Méjì kọ̀, kò wọlé, nítorí ọ̀dà ti mú kí ihò wọn fún. Ó rọra ha á. Ìgbà yẹn ni ó tó fi ẹnu igi ìtayín ta gọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ sí etí ihò láti inú, bí ẹni ń lé tìróò. Èyí tí ó bá yọ síta, òwú tí a rẹ sínú omi lásán ni ó fi ń nù ún kí ó tó gbẹ.

Fèrèsé kan, èyí tí ó kéré jù, bọ́ sábẹ́ àga, a kò sì rí i. Ó ta gọ́ọ̀mù yí etí ihò náà ká, ó fi igi ìtayín fà á láti etí kan dé èkejì, ó sì na awọ tín-ín-rín bí ìfófò ọṣẹ. Ní òwúrọ̀, ó ti di dígí. Ihò tí kò ju bíi mílímítà 5 lọ ni kí ẹ dán èyí wò lára rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí, ẹ má gbà. Ẹni tí ó ti ran ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ léèsì lóru nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, kí ni fèrèsé bọ́ọ̀sì jẹ́ lójú rẹ̀?

Ẹ gbé súpà gúlù sí ibi gíga. Bí ó bá dà sí aṣọ òwú lára ọmọ, ó lè gbóná lójijì títí yóò fi jó o. Bí ìka méjì bá lẹ̀ pọ̀, ẹ má fi ipá fà wọ́n ya. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ó bá kan ojú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Fèrèsé tí ó bá sì ti funfun díẹ̀, ọṣẹ ìfọyín lórí aṣọ múlọ́múlọ́ lè dán an padà. Ṣùgbọ́n omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án, yóò yọ́ ọ ni.

Òrùlé bọ́ọ̀sì náà nìkan ni a kò tíì lẹ̀. Ọmọ náà ní a kò tíì fi èrò sínú rẹ̀, òun sì fẹ́ kí obìnrin kan tí ó wé gèlè jókòó ní àjà òkè, lẹ́bàá fèrèsé iwájú. Kò sí irú rẹ̀ nínú páálí. Amọ̀ ni a fi ń mọ ọ́n báyìí, gèlè náà kò sì tíì dúró.