ẸYIN NI Ọ̀RỌ̀

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, àwọn ẹyin tí ń fọ́ lójú òfuurufú, tí ojú kò rí tí etí kò sì gbọ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn ẹ̀rọ rédíò kéékèèké kan wà lóde òní tí bátìrì wẹ́wẹ́ lè gbé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oorun ni wọ́n ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn a jí, wọn a fọhùn, wọn a tún padà sùn. Ìlànà tí púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé, IEEE 802.15.4, kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2003. Báìtì 127 ni ó fi ṣe òdiwọ̀n fún ìdì ọ̀rọ̀ kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti fò kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ mìíràn dẹtí, kí ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí fáìlì náà yóò ti rí ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé lórí.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó wà. Pcap ni à ń pè é. Lawrence Berkeley ní Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú wáyà ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Fún ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ àkókò tí ó dé, iye báìtì tí a rí gbà, àti iye tí ó jẹ́ gan-an. Èyí tó fún wáyà. Ṣùgbọ́n ní ti rédíò, ìkànnì wo ni ó gbà wá nínú mẹ́rìndínlógún? Agbára wo ni ó fi dé? Ṣé ó pé, àbí ó ti fọ́? Fáìlì tí kò ní àyè fún ìwọ̀nyí dàbí ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn: bí a bá kọ "ogun" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá ogun tí à ń jà ni, tàbí ogún bàbá ẹni, tàbí Ògún onírin?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní firísà ẹja mẹ́rin ní Challenge. Mo fi ẹ̀rọ tí ń wọn òtútù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìròyìn lè dé bí iná bá lọ tí ẹja sì fẹ́ yọ́. Bí ó bá ti di ọ̀sán, ìròyìn a já. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ yìí, alẹ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé alẹ́ nìkan ni ẹja ń bàjẹ́?" Mo ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Agbowó ti dámọ̀ràn pé kí n máa da ìdì tí ó bá fọ́ nù, kí fáìlì má baà kún. N kò gbà, nítorí a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo kọ èyí tí ó fọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí ó pé, pẹ̀lú agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dé. Àwọn tí ó fọ́ ni ó jẹ́rìí: agbára wọn kò dín rárá. Bí ó bá jẹ́ pé irin firísà ni ó dí wọn, ohùn wọn ìbá rẹlẹ̀. Ohùn tí ó le tí ó sì fọ́, ẹlòmíràn ni ó ń pariwo lé e lórí. Wi-Fi ilé ìtajà ẹ̀gbẹ́ wa ni. Òun àti ìkànnì 18 tí à ń lò jọ ń du ọ̀nà kan náà. A ṣí lọ sí ìkànnì 26, ìròyìn sì ń dé tọ̀sán-tòru.

Mo tún ro ti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì mi ń kọ́kọ́ sọ irú ohun tí ó jẹ́ àti bí ó ti gùn tó, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fò ó láìṣìnà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba ìjálá àti rárà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibẹ̀, ẹ kọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹ má sì yọ ibi tí ohùn ti já. Ẹni tí ń kọ̀wé lónìí kò mọ ìbéèrè tí ọ̀la yóò bi í.