Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn

Nígbà tí mò ń wá alùpùpù tí yóò máa gbé èmi àti Ìyá Ìbejì láti Igbó-Elérin lọ sí Àgbádárìgì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ń bi mí: èló ló wà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo sì ṣe fẹ́ kó máa sáré tó? Kò sẹ́ni tó béèrè irú ẹni tí mo fẹ́ gbé sẹ́yìn. Ìyàwó mi sì rèé, ó sanra níwọ̀n, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ a máa yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ṣú, ìró ló sì fẹ́ràn láti máa ró. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ta máṣíìnì fún ènìyàn méjì kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kó tó ka jíà fún mi.

Ọ̀kan nínú wọn fi pawabáìkì pupa kan hàn wá. Ó ń dán, ó ń bú ramúramù, ọkùnrin náà sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi nìkan ni mo wá. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó ga ju ti awakọ̀, ibi ìfẹsẹ̀lé wà lókè pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gùn ún yóò ká orúnkún dé àyà, yóò sì tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀ nígbà gbogbo tí ìyẹn bá tẹ búréèkì. Kò sí ibi tí ọwọ́ yóò dì mú. Ìyá Ìbejì wò ó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹni tó ṣe eléyìí ò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀."

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé máṣíìnì tó rọ èrò lọ́rùn wà nítòsí, gbogbo wa la sì ti gùn ún rí. Ẹ wo Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà ń lò. Ìjókòó rẹ̀ gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, irin ìdìmú wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ èrò sì wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Honda CG125 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976, tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí tó fi kún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni yóò jókòó sẹ́yìn, pé ó lè jẹ́ ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti agbọ̀n lórí itan. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2012 ló lé irú wọn kúrò lórí àwọn òpópó ńlá. Wọ́n tún mú un le ní oṣù kejì 2020 àti ní oṣù kẹfà 2022, òpópó Èkó sí Àgbádárìgì sì wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ohun tí a mọ̀ lójú títì ni pé èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ju 200cc lọ ni wọn kì í dá dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba òpópó yìí láìwo ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ lọ ra ńlá, kó sì wá ńlá tó ní ìjókòó ènìyàn.

Èyí tí a rà níkẹyìn ni Honda Transalp 650 tòkunbọ̀, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 2000. Ó ní ìjókòó fífẹ̀, irin ìdìmú lápá méjèèjì, àti kẹ́ríà. Àléébù rẹ̀ kan ni gíga: ìjókòó rẹ̀ ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ sókè. Ìyá Ìbejì ní láti wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró kó tó lè gbé ẹsẹ̀ kọjá. Nígbà tó gùn ún tán, ó béèrè bóyá ẹṣin ni mo rà.

A jáde ní kùtùkùtù, a gba Òkòkòmáíkò bọ́ sí títì. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì yìí lójú, pé yóò ní ọ̀nà mẹ́wàá, ojú irin yóò sì gba àárín rẹ̀. Ojú irin Blue Line náà yẹ kó gùn tó kìlómítà 27, láti Marina dé ẹnu ọ̀nà wa ní Òkòkòmáíkò. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, Mile 2 ló sì ti ń yí padà. Ẹni tó ń wa alùpùpù kì í mọ bí títì ti burú tó. Ó ń rí kòtò bọ̀, ó lè dìde díẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ó lè yà. Ẹni ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan ju akoto awakọ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Ó wù mí kí àwọn tó ń gba iṣẹ́ títì ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí jókòó sẹ́yìn máṣíìnì láti Mile 2 dé Sẹ̀mẹ̀ kí wọ́n tó gba owó wọn.

A kọjá Ìjànikin. A ò tíì jìnnà rárá nígbà tí Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mi léjìká pé kí n dúró. A dúró ní Àgbárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kú tìmì, ẹ̀yìn ń ro ó.

Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn. Ọ̀kan tí irungbọ̀n rẹ̀ ti funfun dìde kúrò lórí Boxer rẹ̀, ó wá bá wa. Mo rò pé ó fẹ́ wo máṣíìnì ńlá ni, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe. Kò wò ó. Ìyàwó mi ló kọjú sí.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibo ló ń dùn yín gan-an?"

Mo ní orúnkún ni. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn."

Ìyá Ìbejì sọ ọ́. Ó ní báàgì tí mo gbé sáàárín wa ń ti òun sẹ́yìn, irin sì ń gún òun níbàdí. Ó ní tí mo bá tẹ búréèkì, òun kò mọ ibi tí òun yóò dì mú. Ó ní ó jọ pé ẹ̀yìn máṣíìnì ń rì tí iwájú ń ga. Gbogbo èyí ni mo ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa lójú ọ̀nà.

Bàbá náà tú báàgì kúrò láàárín. Ó gbé e sórí kẹ́ríà, ó fi rọ́bà dì í pinpin, tó fi di nǹkan tí ó ṣeé fi ẹ̀yìn tì. Ó fún sípíríǹgì ṣọ́kì ẹ̀yìn le sí i. Ó ní ẹni kan péré ni wọ́n ti ṣe é fún, pé bí ẹ̀yìn bá rì báyìí, ńṣe ni iná iwájú yóò máa wo ojú ọ̀run lálẹ́, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa bí mo bá ń yà. Ó ní kí fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi afẹ́fẹ́ kún táyà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ ìyàwó mi: kó sún mọ́ mi, kó tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ibi ìfẹsẹ̀lé, kó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mi mú, kó fi èkejì di irin, kó má sì ta kò mí bí mo bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fún èmi, gbólóhùn kan ló sọ: kí n máa rọra tẹ búréèkì, kí n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ dúró kí n tó dúró.

Mo bi í níbi tó ti kọ́ gbogbo èyí. Ó rẹ́rìn-ín. "Èrò kì í sọ pé kò rọ òun lọ́rùn. Á kàn sọ̀kalẹ̀, lọ́la á gun ti ẹlòmíràn." Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi dandan mú akoto ní oṣù kìíní 2009, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá, tí àwọn èrò sì ń sá fún akoto torí ẹ̀rù oògùn. Òun ní tòun fi aṣọ mímọ́ sínú akoto èrò, ó ń pààrọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń dúró de òun.

Ìyàwó mi fẹ́ fún un lówó, kò gbà á. Ó yọ pẹlẹbẹ fóòmù kan tó fi aṣọ Àǹkárá bò lórí ìjókòó rẹ̀, ó tẹ́ ẹ fún un, ó ní òun yóò rán òmíràn.

Ọkùnrin yìí kò lè kọjá sí òpópó Èkó níbi tí a ti wá. Níbẹ̀, wọ́n ti gba ọ̀kadà tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ fọ́ wọn mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo mọ ohun tí ìjọba ń sọ nípa jàǹbá àti olè, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé nínú ìlú tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ni bí a ti ń gbé ènìyàn, irú bàbá yìí ni wọn ì bá máa fi ṣe olùkọ́.

A dé Àgbádárìgì láìdúró mọ́. A wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí lọ́dún 1845, a jẹun, a sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀nà pọ̀n lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Òkòkòmáíkò. Ó ní kó fi fóòmù kún ẹ̀yìn ìjókòó, kó gbé apá iwájú tirẹ̀ sókè díẹ̀ kí òun má bàa máa yọ̀ lu awakọ̀, kó sì gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé kí ẹsẹ̀ òun lè tètè balẹ̀. Ọkùnrin náà gbé tépù sílẹ̀, ó bi í bóyá ọ̀gá ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá kì í jókòó síbẹ̀.