Òróró Mi Ni, Kì í Ṣe Òjò

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní Chicago tí a ń gbé, páìpù kan náà ni omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ jọ ń gbà lábẹ́ títì. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí páìpù kún, bésímẹ́ǹtì onílé ni ẹ̀gbin ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi já mi ní koro lọ́jọ́ tí omi dúdú ru sókè láti ojúhò ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì wa, tí mo ní, "Òjò àná ni o."

Òjò kọ́. Ẹran àti ẹja ni mo máa ń dín fún àwọn aláríyá. Bí mo bá dín in tán, inú síńkì ni mò ń da òróró sí, màá wá fi omi gbígbóná lé e, bí ẹni pé omi náà yóò sìn ín dé òkun.

Púlọ́ńbà ki wáyà gígùn bọ páìpù. Ohun tó fà jáde funfun, ó dì bí òrí, ó ń rùn bí ẹran kíkẹ̀. Ó wò mí. Dádì àwọn ọmọ mi wà lókè, wọ́n ń bá onínsọ́ránsì fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí a kò san àfikún owó tó bo irú omi bẹ́ẹ̀. Ojú ni mo fi bẹ púlọ́ńbà. Kò sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ara wọn ni Dádì fi ṣe bésímẹ́ǹtì yẹn lọ́ṣọ̀ọ́, Sátidé lé Sátidé. Ògiri rẹ̀ kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Drywall ni, àfi bí ẹfun tí wọ́n lẹ páálí mọ́ níwá lẹ́yìn. Omi kò ju kókósẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ògiri ń fà á mu bí òwú àtùpà. Mo ní ká kàn kùn ún lọ́dà. Wọ́n ní rárá, láàárín ọjọ́ méjì yóò ti máa bu bíi búrẹ́dì. Wọ́n gé e yípo ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè. Èmi ń kó o sínú àpò, pẹ̀lú káápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ òkè ìgbéyàwó wa. Fáànù ké tọ̀sántòru kí igi inú ògiri tó gbẹ. Gbogbo ìgbà yẹn, mò ń bá wọn bú òjò.

Agolo ni mò ń da òróró sí báyìí. Bó bá dì, màá gbé e dà sí ìdọ̀tí. Dádì ṣì ń bú òjò Chicago. Bí wọ́n bá ka èyí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.