Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Hù Lórí Igi Ni Àfòmọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa pe ohunkóhun tó bá hù lórí igi ní àfòmọ́, wọn a sì fẹ́ gé e dànù. Òótọ́ ni pé àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka, a sì máa fa omi igi mu. Ṣùgbọ́n orchidée tó wà lára igi máńgòrò mi ní Kétu kò jẹ igi náà ní gbèsè kankan. Ibùdúró nìkan ló tọrọ.

Ansellia africana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú àmì tótòtó bí awọ ẹkùn. Lára igi tí wọ́n gé fún èédú ni mo ti rí i. N kò gbìn ín sílẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa jẹrà nínú erùpẹ̀ tútù. Aṣọ ni mo fi dì í mọ́ igi. Gbòǹgbò rẹ̀ tíntìntín nàró bí abẹ́rẹ́, wọ́n ń gba ewé tó ń já bọ́, ewé náà yóò sì jẹrà di oúnjẹ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń wọ́n omi sí i láàárọ̀.

Hóró rẹ̀ kéré bí eruku. Nínú igbó, láìsí irú olú tíntìntín kan tó ń bọ́ ọ, kò lè hù. Ohun tó ṣòro láti tún gbìn ni a ń gé dànù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó gbé àdá, ẹ kọ́kọ́ wòkè.